Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ẹ Kò Ya X-ray Eyín: Ohun Tó Yẹ Kí Gbogbo Ìdílé Wa Mọ̀

Ọ̀rọ̀ eyín ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ X-ray tí àwọn dókítà eyín máa ń yà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń wá gba ìmọ̀ràn. Ẹnì kan á ní, “Wọ́n fẹ́ ya X-ray fún mi, mo ní rárá o, mi ò fẹ́ kó àrùn jẹjẹrẹ.” Ẹlòmíràn á ní, “Mo ti mọ̀ pé owó ni wọ́n fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ mi.” Tó bá fi máa di oṣù mélòó kan sí i, ẹni yẹn kan náà á padà wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti wú, eyín tí wọn ì bá dí lásán á ti di eyín tí wọ́n máa yọ.

A kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a kọ́, ìwé owó àti fọ́ọ̀mù ni a sì máa ń bá yín yẹ̀ wò jù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìlera àti owó ti wọnú ara wọn, ẹni tí kò bá yé e dáadáa lè pàdánù méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rù tàbí owó sá fún X-ray eyín, ẹ kàn béèrè ìdí rẹ̀ àti iye rẹ̀ kí wọ́n tó yà á. Abéèrè kì í ṣìnà. Ètò NHS ti ilẹ̀ England ni a máa tẹ̀ lé níbí, nítorí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín ń gbé. Ẹ̀yin tó wà ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ọ̀rọ̀ nípa ìtànṣán kan yín bákan náà, ṣùgbọ́n ètò owó tiyín yàtọ̀.

KÍ NI WỌ́N Ń WÁ NÍBẸ̀?

Tí dókítà bá tan iná sí yín lẹ́nu, tó sì fi dígí kékeré wò ó, òkè eyín àti iwájú rẹ̀ ló ń rí. Kò lè rí àárín eyín méjì tó fara kanra. Kò lè rí gbòǹgbò eyín, kò sì lè rí egungun tó di gbòǹgbò náà mú. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà máa ń fara pamọ́ sí.

Nílé wa, a máa ń sọ pé kòkòrò ló ń jẹ eyín. Àwọn àgbà kò purọ́, àmọ́ kì í ṣe kòkòrò tí ojú lè rí tàbí tí ewé lè lé jáde. Àwọn bakitéríà tín-tìn-tín tó wà lẹ́nu gbogbo wa ló ń jẹ ṣúgà inú oúnjẹ wa, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ló ń jẹ ara òde eyín díẹ̀díẹ̀. Ara òde yẹn le, kò sì mọ ìrora. Láàárín eyín sí eyín, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé, tí orín náà kò sì dé, ihò lè ti jìn kí ẹni tó ni eyín tó mọ̀ rárá. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, ó ti dé inú lọ́hùn-ún nìyẹn.

Nínú fọ́tò X-ray, egungun àti eyín tó dára máa ń funfun, ibi tí nǹkan ti jẹ lára wọn á sì dúdú. Èyí ni dókítà fi lè rí:

— ihò tó fara pamọ́ sáàárín eyín tàbí sábẹ́ eyín tí wọ́n ti dí tẹ́lẹ̀;
— ọyún tó kó jọ sí ìdí gbòǹgbò;
— egungun tó ti ń jẹ lọ nítorí àrùn ẹran ìdí eyín, èyí tó máa ń mú kí eyín mì;
— eyín àgbà tó dùbúlẹ̀ sínú egungun, tí kò ráyè yọ síta;
— eyín ọmọdé tó ń bọ̀ lọ́nà, bóyá ó pé tàbí kò pé, bóyá ó dojú kọ ibi tó yẹ.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà. Tí wọ́n bá tètè rí ibi tí eyín ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, nígbà tí kò tíì ju ara òde lọ, ó ṣeé ṣe kí dókítà má fi ẹ̀rọ kàn án rárá. Ó lè fi oògùn fluoride pa á, kó ní kí ẹ dín ṣúgà kù, kó sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ ò rí i pé X-ray tí ẹ̀rù ń bà wá lè jẹ́ ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ eyín wa?

BÍ WỌ́N ṢE Ń YÀ Á

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fọ́tò kékeré. Wọ́n á fi nǹkan pẹlẹbẹ kan sí yín lẹ́nu, wọ́n á ní kí ẹ fi eyín dì í mú. Wọ́n á gbé ojú ẹ̀rọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, dókítà á bọ́ sẹ́yìn, ẹ ó gbọ́ “píìn”, ó parí. Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí ìtànṣán fi ń jáde. Kì í dunni, àmọ́ nǹkan pẹlẹbẹ yẹn lè máa gún yín díẹ̀. Tó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ fẹ́ bì, ẹ fi imú mí, ẹ sì sọ fún wọn ṣáájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èkejì ni fọ́tò ńlá tó máa ń gbé gbogbo àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó dúró tàbí kí ẹ jókòó, ẹ̀rọ náà á rọra yí orí yín po. Wọ́n máa ń lò ó fún eyín àgbà tó há sínú egungun, tàbí fún àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ to eyín wọn. Kí wọ́n tó yà á, ẹ ó bọ́ yẹtí, ẹ̀gbà ọrùn, awò ojú àti eyín àtọwọ́dá. Ẹ̀yin ìyá tó ń di irun ọmọ, ẹ rántí pé irin àti ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lára irun lè bọ́ sínú fọ́tò kó sì dí ohun tí wọ́n ń wá. Bákan náà ni pín-ìnnì gèlè àti ti ìbòrí. Ẹ yọ wọ́n sílẹ̀ láti ilé, kí wọ́n má baà yà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní cone beam CT. Ó máa ń fi gbogbo igun eyín àti egungun hàn, wọ́n sì máa ń lò ó fún iṣẹ́ tó díjú, bíi kí wọ́n fẹ́ ri eyín tuntun mọ́ egungun. Ìtànṣán tirẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn méjì àkọ́kọ́ lọ. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ fún yín, ẹ béèrè ìdí tí fọ́tò kékeré kò fi ní tó.

ṢÉ ÌTÀNṢÁN NÁÀ KÒ NÍ PA WÁ LÁRA?

Ìbéèrè yìí dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tí ẹ bá bi í. Òótọ́ ni pé ìtànṣán X-ray tó bá pọ̀ lè fa jẹjẹrẹ. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ni iye rẹ̀. Nígbà tí Röntgen, ará Jámánì, ṣàwárí X-ray ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, kò pẹ́ rárá tí dókítà eyín kan ní ilẹ̀ Jámánì bákan náà, Otto Walkhoff, fi ya eyín ara rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1896. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi wà níwájú ẹ̀rọ kí fọ́tò ẹyọ kan tó jáde. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù àtijọ́ ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òde òní kì í ṣe ẹ̀rọ àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìtànṣán ni millisievert. Gbogbo wa là ń gba ìtànṣán lójoojúmọ́ láìya X-ray: ó ń wá láti inú ilẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́ ilé, láti ojú ọ̀run, àti láti inú oúnjẹ. Gẹ́gẹ́ bí iye tí àjọ ìlera ìjọba, UKHSA, gbé jáde:

— fọ́tò eyín kékeré kan: 0.005;
— jíjẹ 100 gíráàmù èso Brazil nut: 0.01;
— X-ray àyà kan: 0.014;
— fífi ọkọ̀ òfuurufú kọjá òkun Àtìláńtíìkì lẹ́ẹ̀kan: 0.08;
— gbígbé ní Britain fún ọdún kan gbáko: 2.7 fún ẹnì kan.

Ẹ wo ó dáadáa. Ìtànṣán inú fọ́tò eyín kékeré kan kò tó èyí tí a máa ń gbà ní ọjọ́ kan ṣoṣo nípa jíjókòó sílé wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú láti London lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti gba iye tó tó fọ́tò eyín mẹ́rìndínlógún ní àlọ nìkan, kò sì sẹ́ni tó ń tìtorí rẹ̀ fagi lé ìrìn àjò. Fọ́tò ńlá ju ti kékeré lọ díẹ̀, àmọ́ òun náà kò tó èyí tí a ń gbà ní ọ̀sẹ̀ kan.

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí a máa yà á bí ẹni ń ya fọ́tò ìgbéyàwó o. Òfin ọdún 2017 lórí lílo ìtànṣán fún ìtọ́jú aláìsàn sọ ọ́ kedere: wọn kò gbọ́dọ̀ ya X-ray fún ẹnikẹ́ni àfi tí ìdí bá wà fún un lára ẹni náà, tí àǹfààní rẹ̀ sì ju ewu rẹ̀ lọ. Ìtànṣán tí wọ́n bá lò kò gbọ́dọ̀ ju èyí tó máa jẹ́ kí fọ́tò náà ṣeé kà. Òfin kan náà sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé àǹfààní àti ewu rẹ̀ fún yín kí wọ́n tó yà á. Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi wá?”, ẹ kò ṣe àfojúdi. Ẹ̀tọ́ yín lẹ béèrè.

“Tí kò bá léwu, kí ló dé tí wọ́n fi ń sá jáde?” A máa ń gbọ́ èyí náà. Ìwọ lè ya méjì lọ́dún méjì; òun ń yà á fún àwọn èèyàn láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́ ayé. Tó bá dúró tì ọ́, tó dúró ti ẹlòmíràn, díẹ̀díẹ̀ á di púpọ̀ lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdúró rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ìdí nìyẹn tó fi ń bọ́ sẹ́yìn.

AṢỌ ÒJÉ ŃKỌ́?

Àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n wà nílé, tàbí nígbà tí wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n da aṣọ òjé wíwúwo bò wọ́n láyà. Níbí, wọn kò fún wọn. Ẹ̀rù wá ń bà wọ́n pé bóyá torí pé àlejò ni àwọn ni. Rárá o. Ó ti pẹ́ tí ìlànà Britain ti sọ pé aṣọ òjé kò pọn dandan fún X-ray eyín, nítorí pé ẹ̀rọ òde òní máa ń darí ìtànṣán sí ojú ibi tí wọ́n fẹ́ nìkan, aṣọ náà sì lè dí fọ́tò lójú. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá sọ ní oṣù kejì ọdún 2024 pé kí wọ́n jáwọ́ nínú lílò ó. Tí ìtànṣán bá máa kọjá níbi ọ̀nà ọ̀fun, dókítà lè fi ìbòrí kékeré kan sí ọrùn yín. Ẹ lè béèrè nípa èyí.

ÀWỌN ABOYÚN

Tí ẹ bá lóyún, tàbí tí ẹ rò pé ẹ lóyún, ẹ sọ fún dókítà. Ojú ẹ̀rọ kò kọ sí ikùn, nítorí náà ìlànà ilẹ̀ yìí kò ka X-ray eyín léèwọ̀ fún aboyún. Tí kò bá sí ohun kánjúkánjú níbẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìbímọ, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Wọn kò ní bínú. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ọyún wà nínú eyín, ẹ má fara dà á títí oṣù mẹ́sàn-án máa fi pé. Ọyún inú eyín lè ràn kálẹ̀, ewu tirẹ̀ fún ìyá àti ọmọ sì ju ti fọ́tò kékeré lọ fíìfíì. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà lè ya X-ray eyín. Kò ṣe omi ọmú ní nǹkan kan.

ÀWỌN ỌMỌ WA

Àwọn òbí kan máa ń sọ pé, “Eyín àkọ́hù ni, á ṣáà já bọ́.” Òótọ́ ni, àmọ́ eyín yẹn lè wà lẹ́nu ọmọ títí á fi di ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá, òun ló sì ń di àyè mú fún eyín tuntun. Tó bá jẹrà kó tó àkókò, ọmọ kò ní sùn lóru, kò ní jẹun, kò ní lè fọkàn sí ẹ̀kọ́ ní iléèwé.

Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kí eyín tó dùn wọ́n, kí ilé ìtọ́jú eyín má baà di ibi ìbẹ̀rù fún wọn. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta, NHS gbà pé kí wọ́n máa fi fluoride kun eyín ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè fún un. Tí ọmọ bá sì fẹ́ ya X-ray, ẹ má sọ fún un pé “kò ní dùn ẹ́, má bẹ̀rù,” nítorí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀rù. Ẹ sọ pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò inú eyín rẹ̀, kó dúró jẹ́ẹ́ bí ère.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tún wà: ẹ má fi ọmọ yín ṣe ògbifọ̀. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àti ọyún fún ìyá rẹ̀ àgbà. Tí ẹ bá ń pe ilé ìtọ́jú láti gba àyè, ẹ sọ nígbà náà pé ẹ nílò ògbifọ̀ Yorùbá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san owó rẹ̀.

Ẹ̀Ẹ̀MELÒÓ LÓ YẸ KÍ A YÀ Á?

Kò sí iye kan tó kan gbogbo èèyàn. Ó wà lọ́wọ́ bí eyín oníkálùkù ṣe rí. Ìlànà tí àwọn dókítà eyín ilẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé sọ pé ẹni tí eyín rẹ̀ máa ń jẹ gan-an lè yà á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí á fi sàn. Ẹni tó wà láàárín, lọ́dọọdún. Àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ dára, ní nǹkan bí ọdún méjì síra. Fún ọmọdé tí eyín rẹ̀ dára, ó lè tó oṣù méjìlá sí méjìdínlógún. Tí wọ́n bá fẹ́ yà á nígbàkígbà tí ẹ bá ṣáà ti wọlé, ẹ béèrè ìdí. Tí ó bá sì ti lé lọ́dún márùn-ún tí ẹ ti ń lọ, tí wọn kò sì yà á rí, ẹ tún béèrè ìdí.

Ẹ̀yin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ dókítà, tí ẹ bá ní X-ray tí kò tíì pẹ́, ẹ mú un dání. Ó lè má pọn dandan kí wọ́n ya òmíràn.

Ẹ lè sọ pé ẹ kò yà á. Kò sẹ́ni tó lè fi agbára yà á fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé dókítà náà lè sọ pé òun kò lè yọ eyín kan tàbí tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ láìrí ibi tó fìdí sí. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ẹni tó ń wa kànga kò lè di ojú.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń ṣìṣe nìyí, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ síbẹ̀. Lábẹ́ NHS ní England, a kì í san owó X-ray lọ́tọ̀. Ó wà nínú owó ìtọ́jú. Ìpele mẹ́ta ni owó náà, iye tí wọ́n sì fi lélẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 nìyí:

— Ìpele kìíní, £27.40: àyẹ̀wò, ìmọ̀ràn, X-ray, àti fífọ eyín tó bá yẹ bẹ́ẹ̀. Iye yìí náà ni fún ìtọ́jú pàjáwìrì.
— Ìpele kejì, £75.30: gbogbo ohun tó wà ní ìpele kìíní, pẹ̀lú dídí ihò, títọ́jú gbòǹgbò àti yíyọ eyín.
— Ìpele kẹta, £326.70: gbogbo ti ìṣáájú, pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá, àti dídé ìbòrí lé eyín.

Oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń yí iye yìí padà, torí náà ẹ wo èyí tó wà lára ògiri ní ilé ìtọ́jú yín kí ẹ tó jókòó.

Ẹ ò ní san ìpele kìíní kí ẹ tún wá san ìkejì lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa sanwó fún odindi ìtọ́jú kan, bí wọ́n bá tiẹ̀ dí eyín mẹ́ta tí wọ́n sì ya fọ́tò mẹ́rin. Tí wàhálà mìíràn bá tún yọ láàárín oṣù méjì lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, tó sì wà ní ìpele kan náà tàbí èyí tó kéré sí i, ẹ kò ní san òmíràn lọ́dọ̀ dókítà kan náà.

Ẹ wá fi iye ọdún 2025 yẹn wò ó báyìí. Ẹni tó gbà kí wọ́n ya X-ray, tí wọ́n sì rí ihò kan tí wọ́n dí, £75.30 ló san. Ẹni tó kọ̀ kò fi owó kankan pa mọ́, nítorí £27.40 àyẹ̀wò náà ló máa san bó bá yà á, bí kò bá yà á. Tí ihò yẹn bá wá dàgbà, tí wọ́n ní láti yọ eyín náà kí wọ́n sì fi eyín àtọwọ́dá dípò rẹ̀, ó di £326.70. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ £251.40, eyín gidi sì ti lọ.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìtọ́jú àdáni. Níbẹ̀, wọ́n lè kọ X-ray sílẹ̀ bí ohun tí ẹ máa sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, oníkálùkù ló sì ń fi iye tó wù ú sí i. Bàbá kan mú ìwé owó wá fún wa nígbà kan. Ó rò pé NHS ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a tú u wò, apá kan rẹ̀ jẹ́ ti àdáni, X-ray méjì sì wà lára rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé, “Èwo ni ti NHS, èwo ni ti àdáni?” Tí ìtọ́jú bá ju ìpele kìíní lọ, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ da NHS pọ̀ mọ́ àdáni, ó yẹ kí wọ́n fún yín ní ìwé ètò ìtọ́jú tó fi iye ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Tí owó náà kò bá yé yín, ẹ kọ́kọ́ bá ilé ìtọ́jú náà sọ ọ́. Tí wọn kò bá dá yín lóhùn dáadáa, tó sì jẹ́ ti NHS, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Integrated Care Board àdúgbò yín.

TA NI KÒ NÍ SANWÓ?

Àwọn wọ̀nyí kì í sanwó fún ìtọ́jú eyín NHS ní England, X-ray wà lára rẹ̀:

— ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, tàbí tí kò tíì pé mọ́kàndínlógún tó sì wà níléèwé ní kíkún;
— aboyún, àti ìyá tó bímọ láàárín oṣù méjìlá sẹ́yìn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí tàbí dókítà;
— àwọn tó ń gba àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba kan, bíi Income Support tàbí Pension Credit Guarantee Credit;
— àwọn kan tó ń gba Universal Credit: ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò ju £435 lọ ní oṣù tí wọ́n ṣírò kẹ́yìn, tàbí £935 tó bá ní owó ọmọ tàbí ti àìlera nínú rẹ̀;
— ẹni tó ní ìwé HC2.

Ní Scotland, ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í sanwó.

Ẹ ṣọ́ra níbi ti Universal Credit o. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbà á ló ní àǹfààní yìí. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i pé ẹ kì í sanwó, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè bu ìtanràn tó tó £100 lé owó tí ẹ jẹ. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ sanwó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó NHS, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀mù HC5 béèrè owó yín padà láàárín oṣù mẹ́ta tó bá jẹ́ pé ẹ̀tọ́ yín ni.

Fọ́ọ̀mù HC1 ni ẹ máa fi béèrè HC2. Ó wà fún ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ kéré, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, bí owó tí ẹ fi pa mọ́ kò bá ju £16,000 lọ. Tí wọn kò bá lè gbé gbogbo rẹ̀, wọ́n lè fún yín ní HC3 tó máa gbé apá kan. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ ọ́ sára ìwé yín pé ẹ kò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ gbọ́ o: HC2 kò sí lára àwọn owó tí òfin fíísà kà léèwọ̀. Ẹ lè béèrè fún un.

Ohun kan tún ń da àwọn èèyàn wa láàmú. Wọ́n á ní, “A ti san owó ìlera nígbà tí a ń gba fíísà, kí ló tún kù?” Owó yẹn jẹ́ kí ẹ lè lo NHS bí onílé, ṣùgbọ́n onílé náà ń san owó eyín. Nítorí náà, ẹ̀yin náà á san, àfi tí ẹ bá wà lára àwọn tí a kà sókè yìí.

FỌ́TÒ YÍN, Ẹ̀TỌ́ YÍN

Tí ẹ bá fẹ́ kó kúrò ní àdúgbò, tàbí tí ẹ fẹ́ lọ ṣe eyín nílé, ẹ béèrè fún ẹ̀dà X-ray yín. Òfin ìpamọ́ ìsọfúnni fún yín ní ẹ̀tọ́ yìí. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọn kì í sábà gba owó lórí ẹ̀dà yìí mọ́, ó sì yẹ kí wọ́n fún yín láàárín oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tàbí ímeèlì, kí ẹ fi déètì sí i. Tí ẹ bá ṣe eyín ní Nàìjíríà, ẹ gba X-ray ibẹ̀ náà dání padà, kí dókítà ìhín lè mọ ohun tó wà nínú eyín yín.

ÌBÉÈRÈ MÉJE TÍ Ẹ LÈ GÉ JÁDE KÍ Ẹ MÚ DÁNÍ

1. Kí lẹ fẹ́ fi X-ray yìí wá?
2. Ṣé èyí tí mo yà tẹ́lẹ̀ kò lè tó?
3. Fọ́tò mélòó ni, irú wo sì ni?
4. Ṣé NHS ni tàbí àdáni? Èló ni gbogbo rẹ̀?
5. Kí ló lè ṣẹlẹ̀ tí mi ò bá yà á?
6. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fi fọ́tò náà hàn mí kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀?
7. Ìgbà wo ló yẹ kí n tún yà á?

Tí eyín bá ń dùn yín báyìí, tí ẹ kò sì ní dókítà eyín, ẹ pe 111. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú débi pé kò jẹ́ kí ẹ mí tàbí kí ẹ gbé itọ́ mì, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ pe 999 tàbí kí ẹ lọ sí A&E lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí fọ́ọ̀mù HC1 bá rú lójú, tàbí tí ìwé owó dókítà eyín kò yé, ẹ kó ìwé yín wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ ìmọ̀ràn, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mú ìwé owó oṣù, lẹ́tà owó ìrànwọ́ tí ẹ bá ń gbà á, àti rìsíìtì. Kò sí owó tí ẹ máa san fún wa.